Kúbùsù Àgékù Aṣọ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ohun Tó Ń Yọ Wá Lẹ́nu

Ní Òkèsà níbí, ní Iléṣà, àwa obìnrin mẹ́tàlá la máa ń jókòó ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ láti fi àgékù aṣọ rán kúbùsù. A kì í tà á. Àwọn àgbàlagbà tí kò lẹ́ni tó ń tọ́jú wọn la máa ń kó o fún kí ọyẹ́ tó mú, a sì ń kó lára rẹ̀ fún ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ aláìníyàá. Aṣọ kì í wọ́n wa. Àwọn baba wa òṣómàáló ló ń ru aṣọ láwìn kiri ìlú onílùú, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Ó ṣọ̀wọ́n kí a ṣí àpótí ìyá àgbà kan ní ìlú yìí kí a má bá aṣọ tí abẹ́rẹ́ kò tíì kàn nínú rẹ̀.

Rírán rẹ̀ ló ń dà wá láàmù. Búlọ́ọ̀kù là ń pe igun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, nítorí bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù ni àwa náà ṣe ń tò ó: aṣọ kéékèèké 9 á di búlọ́ọ̀kù 1, búlọ́ọ̀kù 20 á di kúbùsù tó fẹ̀ ní íǹṣì 48, tó sì gùn ní íǹṣì 60. Ọdún 35 ni mo fi rán aṣọ obìnrin kí n tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, síbẹ̀ mo ní láti tún nǹkan púpọ̀ kọ́. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyí.

Ìbéèrè: Màmá, ìwọ̀n kan náà ni èmi àti ìyàwó àbúrò mi gé. Kí ló dé tí búlọ́ọ̀kù tèmi fi kéré sí tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, iṣẹ́ téèlọ̀ tí o kọ́ ló dá a sílẹ̀, kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe. Nígbà tí a bá ń rán búbá tàbí gáùn, a máa ń fi aṣọ sílẹ̀ nínú, kí a lè tú u bí oníbàárà bá sanra. Ọwọ́ wa ti mọ́ ọn. Búlọ́ọ̀kù kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdámẹ́rin íǹṣì péré ni kí o fi sílẹ̀ láti ojú abẹ́rẹ́ sí etí aṣọ, kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Íǹṣì 4½ là ń gé aṣọ kékeré kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jẹ́ 13½. Ojú-rírán méjì ló so wọ́n pọ̀, ìkọ̀ọ̀kan sì ń jẹ ìdámẹ́rin íǹṣì lára aṣọ ọ̀tún àti ti òsì. Gbogbo ohun tí wọ́n jẹ jẹ́ íǹṣì 1, ó wá ku 12½. Ìwọ̀n tí a ń wá nìyẹn; nígbà tí a bá so búlọ́ọ̀kù mọ́ ara wọn, á di 12. Tí o bá fi ààbọ̀ íǹṣì sílẹ̀ bí a ti ń ṣe fún gáùn, wọ́n á jẹ íǹṣì 2, búlọ́ọ̀kù rẹ á sì jẹ́ 11½. Kódà tí o bá fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ sílẹ̀, èyí tí ojú lè má rí, ààbọ̀ íǹṣì ti lọ lára búlọ́ọ̀kù kan. Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ló wà ní ìbú kúbùsù, íǹṣì 2 ti lọ nìyẹn. Kò lè bá ti ẹnì kejì dọ́gba láéláé.

Má fi ojú wọ̀n ọ́n. Sọ abẹ́rẹ́ máṣíìnì kalẹ̀, fi téèpù wọn ìdámẹ́rin íǹṣì láti ibẹ̀ lọ sí ọ̀tún, kí o lẹ púláásítà onípele mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́ orí irin pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀ abẹ́rẹ́, kí etí aṣọ máa fara kan án bó ṣe ń lọ. Lẹ́yìn náà dán an wò: gé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó fẹ̀ ní íǹṣì 1½, rán wọn pọ̀, lọ̀ ọ́, kí o wọn ti àárín. Bí kò bá jẹ́ íǹṣì 1 gẹ́lẹ́, sún púláásítà náà kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Ibòmíràn tó ń jẹ ìwọ̀n ni páálí tí a fi ń gé aṣọ. Lẹ́yìn tí o bá ti gé bí ogójì, etí rẹ̀ á ti jẹ. Ìdérí ike ọ̀dà ni kí o fi ṣe é. Ní ti àwọn tó ti kéré yìí, jọ̀wọ́ má fà wọ́n. Rán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, kí o tún un gé sí 12½. Má sì gé ti ìyàwó àbúrò rẹ kéré nítorí tìrẹ, á pa igun rẹ̀ run.

Ìbéèrè: Ìwọ̀n ti pé, àmọ́ orígun wọn kò pàdé.

Ìdáhùn: Áyọ́ọ̀nù ni. Lọ ojú-rírán ìlà kìíní sí ọ̀tún, ti ìkejì sí òsì, ti ìkẹta sí ọ̀tún. Nígbà tí o bá gbé wọn léra, wọ́n á gbá ara wọn mú. Gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ kí o gbé e sókè, má wọ́ ọ. Bó o bá ń wọ́ ọ, aṣọ á dà bí ìgbà tí omi ń ru.

Ìbéèrè: Mo rán àdìrẹ pọ̀ mọ́ aṣọ funfun. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́, funfun di búlúù. Wọ́n ní kí n fi iyọ̀ àti fínígà rẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣì yọ aró.

Ìdáhùn: Iyọ̀ àti fínígà kò lè di aró ẹ̀lú mú. Aró tó wà lójú aṣọ tí kò wọ inú rẹ̀ ló ń ṣàn, ohun kan ṣoṣo tó ń mú un kúrò ni fífọ̀. Fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ àdìrẹ lọ́tọ̀, kí o tún un fọ̀, títí omi á fi mọ́. Lẹ́yìn náà bu omi díẹ̀ sí i, gbé aṣọ funfun lé e, kí o fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́. Bí búlúù bá hàn lára funfun, padà sídìí báàfù.

Àdìrẹ òde òní tí wọ́n fi kóósítíìkì àti háídírò (kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ aró) pa náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọn kò bá ṣàn án dáadáa. Tìyẹn tún léwu ju èyí lọ: kóósítíìkì tó bá kù nínú rẹ̀ lè máa jẹ aṣọ náà díẹ̀díẹ̀.

Èyí tó ti bà jẹ́, má jẹ́ kó gbẹ, má sì lọ̀ ọ́. Rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ gbígbóná tó pọ̀, máa pààrọ̀ omi náà. Mo ti gba búlọ́ọ̀kù mẹ́fà là lọ́nà yìí. Ìkeje ti gbẹ kí n tó rí i, ó sì kọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fi léèsì àti aṣọ òkè sí i? Wọ́n pọ̀ nínú àpótí wa.

Ìdáhùn: Léèsì ṣeé ṣe bí a bá fi aṣọ fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ nísàlẹ̀. Aṣọ òkè wúwo, ó sì máa ń tú létí. Bí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ańkárá, ó máa fà á ya nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Èmi kì í pa wọ́n pọ̀. Lẹ gum stay (aṣọ ẹ̀yìn tí áyọ́ọ̀nù ń mú lẹ̀) mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí o tó gé e, kí o fi aṣọ òkè nìkan rán tirẹ̀. Sányán tí mo gé láìlẹ nǹkan sí i, ó tú tán mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó dé ìdí máṣíìnì, ó sì dùn mí gan-an.

Bí o kò bá mọ̀ bóyá òwú ni aṣọ kan, já fọ́nrán kan kúrò, fi iná sí i lórí abọ́ omi. Òwú á jó bí ìwé, á sì di eérú múlọ́múlọ́. Èyí tó bá yọ́, tó di kókó dúdú líle, ike wà nínú rẹ̀, áyọ́ọ̀nù gbígbóná lè bà á jẹ́. Kí o tó gé aṣọ àtijọ́ kankan, fi ọwọ́ méjì fà á. Bí ó bá ya bí ìwé, ó ti kú. Ẹ má fún tálákà ní aṣọ tó ti kú.

Ìbéèrè: Aṣọ inú àpótí ń rùn káńfọ̀. Ṣé bí a bá sá a sóòrùn, ó ti tán?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn róbótó funfun tí à ń pè ní káńfọ̀ lọ́jà, naphthalene ni. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lè mí díẹ̀ nínú rẹ̀ símú kó má ṣe wọ́n ní nǹkan. Ọmọ tuntun tí èròjà G6PD, èyí tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò pọ̀ tó lára rẹ̀, kò lè gbà á. Àìtó náà sì wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, ìyá kì í mọ̀ títí ọmọ á fi kó sínú ewu. Naphthalene tó wà lára aṣọ tàbí nínú atẹ́gùn tí ọmọ ń mí á máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ojú ọmọ á pọ́n (á di yẹ́lò), ara rẹ̀ náà á pọ́n. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń ba ọpọlọ jẹ́, ó sì ń pa ọmọ. Aṣọ ọmọ tí ìyá kó sínú káńfọ̀ nítorí aáyan, tó wá gbé e wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, òun náà wà lára ohun tó ń fa ibà pọ́njú yìí.

Nítorí náà, òfin kan wà tí mi ò ní yí padà: aṣọ tó bá ti bá káńfọ̀ gbé kì í wọ kúbùsù ọmọ, ì báà jẹ́ pé a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. A máa ń kó o sọ́tọ̀ fún ti àgbàlagbà. Tìyẹn náà, a máa fọ̀ ọ́, a máa sá a sóòrùn fún ọjọ́ mélòó kan, títí òórùn náà á fi lọ pátápátá. Ẹni tó bá ń kó aṣọ wá, a máa ń bi í léèrè ibi tó ti wá, a sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ tún bá wa sọ fún àwọn tó gba kúbùsù ọmọ pé kí wọ́n má fi káńfọ̀ tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n má sì tẹ́ ẹ bo ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan bó bá ń sùn, nítorí ó lè bo imú rẹ̀. Kí wọ́n máa tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún un láti fi ṣeré bó bá jí. Bí ojú ọmọ bá pọ́n, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe àgbo.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, aṣọ màmá mi tó ti dolóògbé ṣì wà nílé. Mo fẹ́ gé e fún kúbùsù, àwọn ẹbí ní kò yẹ.

Ìdáhùn: Ẹ má kàn án títí ẹbí á fi fohùn ṣọ̀kan, pàápàá ẹ̀gbọ́n yín àgbà. Aṣọ òkú ogún ni, kì í ṣe àgékù. Nígbà kan obìnrin kan kó ìró wá fún wa, a ti gé e kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dé pẹ̀lú omijé. Mi ò gbàgbé ojú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí a bá gba aṣọ olóògbé, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la fi ń tọ́jú rẹ̀ kí àlùmọ́gàjí tó kàn án.

Aṣọ lílẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Ẹ wo ẹ̀kú eégún, bí ẹbí ṣe ń fi aṣọ kún aṣọ láti ìran dé ìran. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kó nǹkan wá láti ara ẹ̀kú, kó dá a padà sílé.

Ìbéèrè: Kí la lè fi sáàárín, níwọ̀n ìgbà tí a kò ní òwú títẹ́?

Ìdáhùn: Kúbùsù àtijọ́ tó fẹ́lẹ́, tí ẹ ti fọ̀ tẹ́lẹ̀ kó lè ti sún kì tán. Ẹ tẹ́ ti ẹ̀yìn, ẹ tẹ́ ti àárín, ẹ tẹ́ ti òkè, kí ẹ fi òwú líle ta kókó ní gbogbo íǹṣì 4. Ẹ ta kókó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ti ọmọdé, ẹ má ta kókó sí i rárá, wọ́n á fi eyín fà á yọ, wọ́n á sì gbé e mì. Ẹ fi máṣíìnì rán ìlà tààrà já a láti etí dé etí.