Ẹ Má Jẹ́ Kí Iṣan Sinmi Ju Ọjọ́ Méjì Lọ

A kò kọ ìwé yìí láti kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìrìn. Ẹ mọ ẹsẹ̀ yín lò, ẹ mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí à ń rí lemọ́lemọ́ la fẹ́ bá wí: kí èèyàn kó ìdárayá ọ̀sẹ̀ kan jọ sọ́jọ́ kan, kó wá jókòó gelete fún ọjọ́ mẹ́fà tó kù.

Bí iṣan bá ti ń ṣiṣẹ́, kálísíọ̀mù á tú jáde láti ibi ìpamọ́ rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan náà, agbára tó wà nílẹ̀ á sì máa dín kù. Púrótéènì kan tí wọ́n ń pè ní AMPK ló máa ń tètè fura. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń jí púrótéènì mìíràn, PGC-1α, èyí tó ń pàṣẹ kí àwọn jíìnì ṣe mitokọ́ńdíríà sí i, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń fi ọ́síjìn sun ọ̀rá àti ṣúgà. Lọ́dún 1967, John Holloszy ní Amẹ́ríkà mú àwọn eku sáré lórí ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ 12, agbára iṣan wọn láti lo ọ́síjìn sì di nǹkan bí ìlọ́po 2. Nínú èèyàn pẹ̀lú, àwọn tó fi abẹ́rẹ́ bu ẹran bín-ín-tín níwájú itan ti rí i pé mitokọ́ńdíríà ń pọ̀ sí i.

Àmọ́ àṣẹ yẹn kì í pẹ́. Láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìdárayá ni jíìnì PGC-1α máa ń ṣiṣẹ́ jù; bó bá fi máa di wákàtí 24, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà síbi tó wà. Ìwọ̀nba púrótéènì tuntun tó ṣẹ́ kù, ìdárayá tó kàn ló máa lé e lórí. Ta ló ń da omi ọ̀sẹ̀ kan sórí ewébẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó má tún yà síbẹ̀ mọ́ títí Sátidé mìíràn?

Ìṣẹ́jú 150 ni kó wọlé lọ́sẹ̀, ó kéré tán: ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ pín in sí ọjọ́ 3, kí ọjọ́ tí ẹ fi sinmi tẹ̀léra má ju 2 lọ. Ẹ yára débi tí ẹ fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 10 tó o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ fún wa pé iṣẹ́ oko ti tó. Iṣan tó bá ṣiṣẹ́ ló ń jèrè. Wọ́n ti ní kí àwọn kan fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wa kẹ̀kẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan: ẹsẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ni mitokọ́ńdíríà pọ̀ sí nínú. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ yára rìn lọ sóko fún ìṣẹ́jú 30 ti ṣe tiẹ̀. Ẹni tó gun alùpùpù lọ, tó wá tẹ̀ sórí ebè tó ń dúró mí, kò tíì ṣe é.

Ẹ má sì máa gbé fítámì C mílígíráàmù 1000 mì lójoojúmọ́ pẹ̀lú fítámì E nítorí ìdárayá. Àwọn ìwádìí kan fi hàn pé ó lè dín àṣẹ tí à ń wí yìí kù. Èyí tó wà nínú oúnjẹ kò léwu.

Fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ: iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń gbé GLUT4, púrótéènì tó jẹ́ ilẹ̀kùn ṣúgà, wá sétí sẹ́ẹ̀lì láti gba ṣúgà wọlé, láì dúró de ínsúlínì. Ara á tún máa gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu dáadáa fún ọjọ́ 1 sí 2. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gún ínsúlínì fi gbọ́dọ̀ wo ṣúgà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí, torí ó lè já wálẹ̀ lóru. Bó bá wà lábẹ́ 70 mg/dL, ẹ mu ṣúgà gíráàmù 15 lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.