Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Bí A Bá Fẹ́ Kí Adó-Èkìtì Tu Ẹni Tó Ń Fẹsẹ̀ Rìn Lára

Èyí tó burú jù ni ká máa rò pé títì tó bá ti fẹ̀ ti dáa. Títì tó fẹ̀ ń mú awakọ̀ sáré, ìyá àgbà tó fẹ́ sọdá á sì pẹ́ láàrin ọkọ̀ kó tó dé òdìkejì. Kò tilẹ̀ ní kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tán. Ní Houston, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ títì Katy Freeway títí tó fi gba ọkọ̀ tó lé ní 20 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láwọn ibì kan. Wọ́n parí rẹ̀ ní 2008. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ tún fi há síbẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ká la gọ́tà, ká fi siláàbù bò ó, ká ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti parí. Ẹ wo siláàbù wọ̀nyẹn dáadáa. Ọ̀kan ti fọ́, irin inú rẹ̀ yọ síta. Èyí tí wọ́n gbé kúrò láti kó ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, kò sẹ́ni tó dá a padà. Níwájú díẹ̀, ẹnìkan ti páàkì mọ́tò sórí ìyókù. Ọmọ ilé-ìwé á wá bọ́ sójú títì, á máa bá ọlọ́kadà du ọ̀nà. Bí owó títì bá jáde, ẹ yọ ti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti àtúnṣe rẹ̀ sọ́tọ̀ kí kọngílá tó gbé ṣọ́bìrì.

Ẹ má sì sọ pé afárá ẹlẹ́sẹ̀ ti tó. Ta ni yóò gbé agbọ̀n iṣu gun àtẹ̀gùn yẹn? Aboyún ńkọ́, ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn ńkọ́? Ọkọ̀ ni ká jẹ́ kó rọra. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí eré ọkọ̀ má ju 30 kìlómítà láàrin wákàtí kan lọ níbi tí èèyàn àti ọkọ̀ bá ti ń pàdé. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ ní iwájú gbogbo ilé-ìwé wa.

Ẹ má gé igi ẹ̀bá ọ̀nà. Oòrùn ọ̀sán kì í ṣeré.

Lílé àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì náà kò dáa. Ẹni tó ń sun àgbàdo lálẹ́ ló ń jẹ́ kí ọmọbìnrin tó ń darí bọ̀ láti ibi iṣẹ́ rí iná àti èèyàn. Ẹ fàlà fún wọn, kí ẹlẹ́sẹ̀ lè rí ibi kọjá.

Ẹ má sì ti ọ̀nà pa lójijì. Ní 1962 tí wọ́n ní kí ọkọ̀ má gba Strøget, títì ọlọ́jà kan ní Copenhagen, olú-ìlú Denmark, mọ́, ìdánwò ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Àwọn oníṣòwò pariwo pé ọjà yóò kú, kò kú. Ẹ lè dán irú rẹ̀ wò ní Ọjà Ọba lówùúrọ̀ Sátidé, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá àti alábàárù yóò ti máa gba ẹrù lọ́wọ́ ara wọn, nítorí òkè pọ̀ ní Adó, kò sì sẹ́ni tó lè gbé àpò gàrí gun gbogbo rẹ̀.