Bí A Ṣe Ń Bá Àwọn Olùwádìí Ṣiṣẹ́ Nígbà Téèyàn Ṣì Wà ní Yunifásítì

Kí wọ́n gbà ọ́ ò le. Lọ bá olùkọ́ tó ti kọ́ ọ rí, kí i dáadáa, kó o sì dárúkọ ohun kan tó o mọ̀ ọ́n ṣe. "Gbogbo ẹ̀ ni mo lè ṣe, sà" kì í wọ̀ wọ́n létí. Bó o bá gbọ́ Ìgbómìnà, tàbí tó o lè ka Yorùbá tí àwọn àáfà Ìlọrin àtijọ́ fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, ìyẹn ni kó o fi ṣáájú.

Ohun tí kálukú wọn ń wá ò jọra. Ká ní Ẹ̀sìẹ́, ìlú Ìgbómìnà kan ní Ìpínlẹ̀ Kwara, lẹ ń lọ, níbi tí ère òkúta ti lé ní 1,000. Awalẹ̀pìtàn á fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe gbẹ́ irun orí àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ère. Onítàn á fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún bàbá tẹ́ ẹ lọ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò pé èèyàn tó di òkúta ni àwọn ère náà. Onímọ̀ èdè ò tiẹ̀ wo òkúta. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu bàbá ló ń gbọ́. Bi ẹnì kọ̀ọ̀kan léèrè, kọ ọ́ sójú ìwé kan ṣoṣo, kó o tó wọkọ̀ ní Gáréèjì Ọ̀fà nílùú Ìlọrin.

Ra búrẹ́dì dání. Gba àṣẹ kó o tó tẹ ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, kó o sì gba ohùn àṣẹ náà sílẹ̀. Fóònù tó wà ní airplane mode tó mi. Orí gèlè tí mo ṣẹ́ po ni mo máa ń gbé e lé, torí tábìlì lásán máa ń gbé gbogbo ìró tó bá dún lórí ẹ̀ sínú ohùn.

Ibi tí ẹ ti ń bà á jẹ́ rèé o: dída ohùn kọ sínú ìwé.

Ọmọkùnrin kan tẹ̀ ẹ́ báyìí: "won gbe oko won lo sogun." Kò sí àmì kankan. Ṣé ọ̀kọ̀ ni wọ́n gbé ni, àbí ọkọ́? O lè ní ogun ni, ọ̀kọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ọwọ́ lásán gbẹ́ yàrà tó ń dáàbò bo ìlú lójú ogun? A ní ká padà gbọ́ ohùn. Ó ti pa á rẹ́, ó ní fóònù òun kún. Bàbá tó sọ ọ́ ti dolóògbé. Àmì ìbéèrè ló ṣì wà níwájú ìlà yẹn títí dòní.

Òmíràn á máa tún ọ̀rọ̀ àgbà ṣe. Màmá sọ Ìgbómìnà, ìwọ kọ Yorùbá inú ìwé ìròyìn, o rò pé o ràn án lọ́wọ́. Ohun tí onímọ̀ èdè tìtorí ẹ̀ wá lo pa dànù yẹn. Kọ ọ́ bó ṣe jáde. Bó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí o ò gbọ́, kọ "mi ò gbọ́" pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó bọ́ sí, má méfò. Má sì gbé e fún ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fúnra ẹ̀, kó má baà sọ Ìgbómìnà di nǹkan mìíràn mọ́ ọ lọ́wọ́.

ELAN, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń da ohùn kọ, ò gba kọ́bọ̀, ó sì ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ìṣẹ́jú. Bí kọ̀ǹpútà ò bá sí, fa ìlà láti pín ojú ìwé ọlọ́gọ́ta ewé sí mẹ́ta: àsìkò, ọ̀rọ̀, ìtumọ̀. Bírò pupa ni mo fi ń fà á. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ohùn máa ń gbà mí ju wákàtí kan lọ, nítorí náà márùn-ún márùn-ún ni kó o máa ṣe é.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kó o tó wẹ̀, ṣe ẹ̀dà ohùn náà sí ibi mẹ́ta. Ọjọ́ àti ìlú ni kó o fi sọ fáìlì lórúkọ, kì í ṣe orúkọ bàbá.

Gba owó ọkọ̀ kó o tó lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ìrìn àjò lo máa kọ̀wé béèrè ẹ̀, fi àmì sí i. Ọmọbìnrin wa kan kọ "owo oko mi," akọ̀wé owó sì ní kó lọ gbà á lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀.