Bí a ṣe ń tọ́ ẹni tuntun sọ́nà nínú ìdíje àfihàn ajá

Ẹni tuntun tó bá mú ọmọ ajá wá bá yín, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni bóyá ajá òun lè gba ipò kìíní. Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ fún un ní ìlànà ìran ajá náà, ìyẹn ìwé tó sọ bí orí, èjìká, irun àti ìrìn rẹ̀ ṣe yẹ kó rí. Nígbà tó bá kà á tán, ẹ jọ dúró ti ajá yẹn, kí òun fúnra rẹ̀ tọ́ka sí ohun 3 tó dára lára rẹ̀ àti 3 tó kù díẹ̀ káàtó. Ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó sọ tiyín, ẹ má sì fi àlébù pamọ́ kí inú rẹ̀ lè dùn. Adájọ́ máa rí i, owó ìforúkọsílẹ̀ á sì ti lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ síbi ìdíje kan láìmú ajá dání. Kó jókòó létí àgbo ìran ajá tirẹ̀, ìyẹn ibi tí adájọ́ ti ń yẹ àwọn ajá wò, kó kọ nọ́ńbà ajá 3 tó wù ú sílẹ̀ kí adájọ́ tó yàn. Kò di dandan kí yíyàn wọn bára mu. Ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni ìdí tó fi yan tirẹ̀.

Ìdúró ajá ló ń gba àkókò jù. Ní àgbo, apá òsì wa ni ajá máa ń wà, torí adájọ́ wà láàárín, ara wa kò sì gbọdọ̀ dí i lójú. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì dúró ṣánṣán lábẹ́ èjìká. Ti ẹ̀yìn lọ sẹ́yìn díẹ̀, títí apá tó ti ọrùn ẹsẹ̀ dé ilẹ̀ fi nàró ṣánṣán. German Shepherd yàtọ̀: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan máa ń wà níwájú èkejì. Ẹni tuntun sábà máa ń di àtẹ́lẹsẹ̀ ajá mú, ajá á sì fà á gbà. Ìgbọ̀nwọ́ ni kó ti gbé ẹsẹ̀ iwájú. Ọrùn ẹsẹ̀ ni kó ti gbé ti ẹ̀yìn. Bó bá na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jù, ẹ̀yìn ajá á tẹ̀. Ìdánwò tó ń ràn wá lọ́wọ́ ni pé kí ọwọ́ yín má kan okùn ajá rẹ̀ rárá. Ẹ fi ajá tiyín hàn án bí a ṣe ń ṣe é, kó sì ṣe é lára tirẹ̀. Tí ẹ bá ń gbà á ṣe fún un, ẹ̀yin ni ajá á mọ̀.

Ìṣẹ́jú 5 ló tó, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdúró ìṣẹ́jú-àáyá 5, kí ẹ máa fi kún un títí yóò fi pé ìṣẹ́jú 1. Ẹ̀dọ̀ sísè ni kó fi san án lẹ́san, kó gé e kó má ju hóró ẹ̀wà lọ, kí ajá má bàa ṣì máa jẹun nígbà tí adájọ́ bá fẹ́ wo eyín.

Ẹ wá ẹni 5 tí ajá kò mọ̀ rí, ọkùnrin, obìnrin, ẹni tó dé fìlà, kí wọ́n gbé ètè rẹ̀ sókè, kí wọ́n sì fọwọ́ kàn án láti orí dé ìdí. Tó bá jẹ́ akọ, adájọ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kóró ẹpọ̀n rẹ̀ méjèèjì ti sọ̀ kalẹ̀. Ajá kékeré, orí tábìlì ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà ẹ tẹ́ rọ́bà sórí tábìlì ilé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má yọ̀.

Ní ti ìrìn, ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún àti ti ẹ̀yìn òsì ló yẹ kó jọ lọ. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì apá kan bá ń jọ lọ, tí ara ń mì sọ́tùn-ún sósì, ìrìn náà ti falẹ̀ jù tàbí ó ti rẹ ajá. Kó yí ajá po lẹ́ẹ̀kan, kó sì tún bẹ̀rẹ̀ kánkán sí i. Tó bá ń rìn wọ́gọwọ̀gọ, ajá ló ń wò: ẹ ní kó dojú kọ àmì kan lókèèrè, kó máa lọ bá a.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso ìdíje ajá, ti wà láti 1873, ajá gbọ́dọ̀ pé oṣù 6 kó tó lè díje. Kíláàsì Minor Puppy jẹ́ ti oṣù 6 sí 9, Puppy sì jẹ́ ti 6 sí 12, ọjọ́ àkọ́kọ́ ìdíje ni wọ́n sì fi ń ka ọjọ́ orí; ọ̀pọ̀ ló ti ṣì í kà. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ kíláàsì ringcraft, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ajá àti olówó rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe ní àgbo, kó lọ sí companion show, ìyẹn ìdíje kékeré níbi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó lọ sí open show, ìdíje tó ga díẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹ má ti í sí championship show, ìdíje tó ga jù, kíákíá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fúnni ní Challenge Certificate, ìwé ẹ̀rí fún akọ tàbí abo tó dára jù nínú ìran rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí yìí 3 lọ́wọ́ adájọ́ 3 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń sọ ajá di olóyè (champion), ọ̀kan ó kéré tán sì gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́yìn tí ajá pé oṣù 12.

Ẹ ti gé èékánná ajá ṣáájú. Irun líle máa ń rọ̀ tí a bá wẹ̀ ẹ́, nítorí náà kí wọ́n wẹ irú ajá bẹ́ẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kì í ṣe lánàá. Omi, okùn méjì, kóòmù, ọ̀rá ìgbẹ́ àti píìnì fún nọ́ńbà, kó má gbàgbé wọn. Ajá kò gbọdọ̀ dá wà nínú mọ́tò tí oòrùn bá mú.

Bí wọn kò bá mú ajá rẹ̀, kó kí ẹni tó borí kó tó kúrò ní àgbo. Ẹ ya fídíò rẹ̀, àmọ́ ẹ má wò ó lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ jọ wo ọwọ́ tó di okùn mú kí ẹ tó wo ẹsẹ̀ ajá.