Yíyẹ ère ìbejì wò kí a tó gbé e lọ gbàǹjo

Tọ́ọ̀ṣì, téèpù àti gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi ti tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má fọ ère, ẹ má fi òróró pa á. Ohun tí ẹ bá fọ̀ kúrò lára rẹ̀ ni oníbàárà fẹ́ sanwó fún.

Ẹ wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ère ìbejì wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30.

Ojú ère ni kí ẹ pẹ́ lé lórí jù. Ìyá ìbejì a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fún un lóúnjẹ, a sì máa fi osùn pa á lára, ọdún dé ọdún. Imú, ètè àti ilà ojú ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹ wá yí i padà. Ẹ̀yìn etí, abẹ́ apá àti àárín ẹsẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọwọ́, nítorí náà ipa ọ̀bẹ agbẹ́gilére ṣì gbọ́dọ̀ mú níbẹ̀, kí osùn gbígbẹ sì há sínú rẹ̀. Bí iwájú àti ẹ̀yìn bá dán bákan náà, sáńpépà ló ṣe é. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́: ipa sáńpépà á yọ ní ìlà tín-ín-rín tó tò tẹ̀lé ara wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í fi ìlà sílẹ̀. Ẹ má torí pé àwọ̀ ràn yín lọ́wọ́ kí ẹ pè é ní ayédèrú. Osùn gidi náà ń ràn. Búlúù ìfọṣọ lórí irun náà kò burú, àwọn èèyàn lò ó dípò ẹlú.

Ihò kòkòrò kì í sábà rí bákan náà, kì í sì í sábà gún. Èyí tó gún régé, tí gbogbo rẹ̀ sì fẹ̀ dọ́gba, dírílì ló lu ú. Bí ìyẹ̀fun igi tuntun bá ń dà sílẹ̀, kòkòrò ṣì wà láàyè: ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e jìnnà sí àwọn yòókù.

Tírà onígun mẹ́ta láyà wọ́pọ̀ lára ìbejì Ìgbómìnà. Ní ti Abẹ́òkúta, níbi tí ilé agbẹ́gilére Adugbologe wà, ẹ kọ "ilé Adugbologe" bí ẹ kò bá ní ẹ̀rí pé Adugbologe fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Táyé àti Kẹ́hìndé tí wọ́n jọ dé, ẹ má pín wọn, kódà bí ọ̀kan bá jẹ ju èkejì lọ.

Ìwé wá kù. Òfin 77 ti ọdún 1979 ní Nàìjíríà kò gbà kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìsí ìwé àṣẹ NCMM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sì gbà kí ẹ tà á fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn àjọ náà àti àwọn aṣojú tó fọwọ́ sí. Torí náà, èyí tó ti wà lókè òkun nìkan la ń sọ. Ẹ kó rìsíìtì, lẹ́tà àti fọ́tò àtijọ́ tó fi ibi tó ti ń bọ̀ hàn jọ. Ère rere tí kò ní ìwé lè padà láìtà.

Ní gbàǹjo Lọ́ńdọ́nù, ẹ máa gba díyelé méjì, ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè. Iye tí ẹ ní kí wọ́n má tà á dín sí kì í sábà kọjá ti ìsàlẹ̀. Ká ní òòlù lu sórí 1,000 pọ́n-ùn, tí owó tí ilé gbàǹjo ń gbà lọ́wọ́ olùrà lórí iye yẹn jẹ́ ìdá 25 nínú 100, tí èyí tí wọ́n ń yọ nínú tiyín sì jẹ́ ìdá 15: olùrà á san 1,250, yàtọ̀ sí owó orí ìjọba, ẹ̀yin á gba 850. Ẹ béèrè owó fọ́tò àti ti ìbánigbófò kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, torí inú 850 yẹn náà ni wọ́n máa ti yọ ọ́.