Bí A Ṣe Kọ Àwọn Ilé Àtijọ́ Àdúgbò Kan Sílẹ̀ ní Àgbádárìgì

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ síbí ní 1845, ti lókìkí, àlejò ń wá wò ó. Àwọn ilé tí kò lórúkọ ni wọ́n ń wó láìsí ariwo, àwọn ni mo sì kọ́kọ́ kà kí a tó kọ lẹ́tà kankan sí ìjọba pé kí wọ́n dáàbò bò wọ́n. Àdúgbò kan ṣoṣo ni mo mú nínú mẹ́jọ tó wà nílùú.

Ìwé kan fún ilé kan: ẹbí tó ni ín, ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n, irú òrùlé rẹ̀, ibi tó ti ń bàjẹ́. Fọ́tò mẹ́fà: iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òrùlé àti ìsàlẹ̀ ògiri. Mo gbé ọ̀pá mítà kan ti ògiri nínú gbogbo rẹ̀, kí ẹni tí kò débẹ̀ lè mọ bí ilé ṣe ga tó.

Ẹ má fojú kékeré wo ìsàlẹ̀ ògiri o. Tí wọ́n bá ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé amọ̀, omi ilẹ̀ á máa gòkè nínú amọ̀, sìmẹ́ǹtì ò sì ní jẹ́ kó jáde. Iyọ̀ á yọ funfun lára ògiri bí èlùbọ́ láfún. Ẹ fi ìka kàn án: bó bá ń dún bí agbè òfìfo, sìmẹ́ǹtì ti kúrò lára amọ̀ nìyẹn. Èyí gan-an ni ẹni tó fẹ́ wólé máa ń tọ́ka sí pé ilé ti kú. Irọ́ ni. Ẹ ha sìmẹ́ǹtì náà kúrò díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ dáadáa, kí ẹ wá fi amọ̀ ìwọ̀n kan sí iyanrìn méjì rẹ́ ẹ. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi kékeré. Bó bá sán, ẹ fi iyanrìn kún un.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Ìbuwọ́lùwé olórí ẹbí nìkan kò tó. Ẹ gba ti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí, torí ọmọ ẹbí kan lè ti gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀.

Lẹ́tà wa jẹ́ ojú ìwé méjì, ẹ̀dà márùn-ún: ààfin Akran tó jẹ́ ọba Àgbádárìgì, ìjọba ìbílẹ̀, àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́ ní ìpínlẹ̀, àjọ tó ń bójú tó ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ẹ̀karùn-ún ni wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lé fún wa. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, wọ́n lè ní àwọn ò rí lẹ́tà.

Síbẹ̀, ìwé nìkan kì í dá kátakátá tó ń wólé dúró. Ilé àtijọ́ Ìlọ́jọ̀ ní Tinúubú l'Ékòó ti di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, wọ́n sì wó o ní September 11, 2016, ọjọ́ Sunday tí ọ́fíìsì ò ṣí. Ìdí nìyí tá a fi pín òpin ọ̀sẹ̀ láàárín ara wa láti máa ṣọ́ àdúgbò.

Etí ọ̀sà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdúgbò náà ò ní ẹbí tí yóò buwọ́ lùwé fún un, àwọn apẹja ni a bẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ. Lójú ibì kan náà ni wọ́n ti ń ya fọ́tò lóṣooṣù, kí a lè rí ibi tí iyanrìn tí wọ́n ń dà ti dé lẹ́sẹ̀ àwọn igi àgbọn. Bí iyanrìn bá dí ojú ìṣàn, omi òjò á padà sẹ́yìnkùlé, ìsàlẹ̀ ògiri amọ̀ kan náà ni yóò sì gbà gòkè.