Bí Mo Ṣe Tún Lúfà Ilé Bàbá Wa Ṣe Tí N Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Tú U Dànù

Iye owó tí oní-àlùmínọ́mù tó ń ṣe fèrèsé kọ sínú ìwé fún mi ló bí mi nínú tí mo fi pinnu pé èmi fúnra mi ni n óò tún àwọn fèrèsé lúfà wa, àwọn onígíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń jọ ṣí tí wọ́n ń jọ pa dé, ṣe. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà, fún báńgálò kan ṣoṣo tí bàbá wa kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tó jẹ́ pé lúfà ni gbogbo ẹni tó bá ń kọ́lé ń fi sí i. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọkùnrin náà ò fọwọ́ kan fèrèsé kankan. Ó dúró sínú ọgbà, ó ń fi ìka ka ojú fèrèsé láti òde, ó wá ní, "Mọ́mì, ayé lúfà ti lọ. Ẹ jẹ́ ká tú gbogbo ẹ̀ dànù, ká fi síláídìn sí i." Mo bi í pé ta ni yóò kó èyí tí wọ́n bá tú. Ó ní kí n má ṣèyọnu, àwọn ọmọ iṣẹ́ òun á bá mi kó o lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ "lọ́fẹ̀ẹ́" yẹn ṣì ń bí mi nínú títí di òní, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà l'Ékòó ti gbà pẹ̀lú rẹ̀. Iléyá ń bọ̀, ọjọ́ kẹta Iléyá sì ni Ojúde Ọba, ọdún ńlá àwa Ìjẹ̀bú, ọjọ́ tí àwọn régbérégbé wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wọn, máa ń ya wálé wá jẹun. Wọ́n fẹ́ kí ilé wa rí bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Màmá wa ló kọ̀, torí àwọn ló ń sùn níbẹ̀. Síláídìn, ìdajì fèrèsé ló ń ṣí. Bí ẹ bá wọ́ apá kan, ẹ̀yìn apá kejì náà ló máa lọ dúró sí. Lúfà ní tirẹ̀, bí ẹ bá ti fa ọwọ́ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ojú fèrèsé ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, ẹ sì lè dá a dúró sí agbedeméjì nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí atẹ́gùn máa wọlé kí omi má wọlé. Èyí tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin ààbò tí bàbá wa fi sí ojú fèrèsé níta ò ní jẹ́ kó ṣí. Ṣé kí n wá gé irin yẹn náà ni? Ní àdúgbò tí iná lè lọ láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí, àgbàlagbà tí kò lè sùn nínú ooru ni mò ń rò, n ò ro fọ́tò Ojúde Ọba.

Mo bá mú síkúrù-díráfà, mo tú fèrèsé yàrá àlejò kí n lè rí ohun tó ń ṣe é gan-an. Irin méjì ló gbé lúfà dúró, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Etí kéékèèké wà lára irin kọ̀ọ̀kan tí gíláàsì ń wọ̀ sí, rífẹ́ẹ̀tì kan, irin kékeré bí ìṣó tí wọ́n tẹ orí rẹ̀ pa, ló sì so etí kọ̀ọ̀kan mọ́ irin, orí rẹ̀ ló ti ń yí. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún so gbogbo etí náà pọ̀, kó lè jẹ́ pé bí ẹ bá fa ọwọ́, gbogbo gíláàsì á jọ dìde, wọ́n á jọ wálẹ̀. Bí rífẹ́ẹ̀tì kan bá dípẹtà, etí yẹn ò ní yí mọ́. Àwọn yòókù fẹ́ dìde, òun kọ̀. Ẹni tó ń fa ọwọ́ á fi agbára kún un, ọ̀pá á tẹ̀, gíláàsì á sán, wọ́n á ní lúfà ti bàjẹ́. Rífẹ́ẹ̀tì kan tí kò tó orí ìṣó ló sì fa gbogbo rẹ̀. Nínú gbogbo ilé wa, gíláàsì tó sán ò pọ̀ rárá.

Fífọ gíláàsì, fífi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà, kíkun férémù, pípààrọ̀ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, n ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ti rífẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ sọ. Èyí tó kàn le lásán, kẹrosíìnì tí mo pò mọ́ énjìn ọ́ìlì ni mo kán sí i, mo fi í sílẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi ẹ̀mú di etí náà mú, mo ń mì ín díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gbà. Èyí tí rífẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti jẹ tán, mo lu ìyókù rẹ̀ jáde, mo ki bóòtù kékeré àti wáṣà bọ ojú ihò náà. Bí ẹ bá wá de nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin, etí ò ní yí. Bí ẹ bá sì dè é dẹ̀rẹ̀, kò ní pẹ́ tí á fi tú jáde. Nọ́ọ̀tì méjì ni mo lò. Mo de àkọ́kọ́ títí ó fi kan wáṣà, mo dá a padà díẹ̀, mo wá de èkejì lé e. Mo fi sípánà kan di àkọ́kọ́ mú kó má baà yí, mo fi òmíràn fún èkejì mọ́ ọn dáadáa. Àwọn méjèèjì á há mọ́ ara wọn, wọn ò ní tú, etí á sì máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nígbà tí mo fa ọwọ́ fèrèsé yẹn tí gbogbo gíláàsì rẹ̀ jọ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, mo pe màmá wa wá wò ó. Àwọn náà fà á, wọ́n tì í, wọ́n tún fà á. Wọ́n ní, "Ẹ káre o, ọmọ bàbá ẹ ni ẹ́." Inú mi dùn dọ́ba.

Ṣùgbọ́n àwọn fèrèsé tó wà níhà tí òjò ti ń gbá lu ilé, títí kan ti yàrá màmá wa, kì í ṣe rífẹ́ẹ̀tì nìkan ló jẹ. Irin wọn gan-an ti jẹ débi pé bí mo ṣe ń tú síkúrù, ó ń já sí mi lọ́wọ́. Àwọn wọ̀nyí ò ṣeé tún ṣe, irin mìíràn ló kù. Mo rò pé ní ìlú tó tóbi tó Ìjẹ̀bú-Òde, irin lúfà ò yẹ kó ṣòroó rí.

Ní ọjà Òkè-Ajé, gbogbo ẹni tí mo kọ́kọ́ bi léèrè ló ní kò sí mọ́, kí n lọ ṣe síláídìn. Ẹnì kan wá ní òun ní. Mo bi í bóyá yóò bá gíláàsì wa mu, ó ní, "Àǹtí, ọ̀kan náà ni gbogbo lúfà." Mo sanwó, mo gbé e délé. Gíláàsì ilé wa fẹ̀ ní ínǹṣì mẹ́fà. Bí wọ́n bá pa dé, ó yẹ kí gíláàsì òkè gun ti ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí òjò má rí ààyè wọlé. Àlàfo tó wà láàárín etí irin tuntun yìí ju ti àtijọ́ lọ, nítorí náà bí mo ṣe pa fèrèsé dé, mo ń rí igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé láàárín gíláàsì. Ìyẹn nìkan kọ́. Gíláàsì wa nípọn tó mílímítà mẹ́fà, ẹnu etí tuntun náà ò gbà á. Mo ní kí n fi ẹ̀mú la ẹnu rẹ̀ díẹ̀, ó kán. Irin tí wọ́n pè ní tuntun, ó fẹ́lẹ́ bí agolo mílíìkì! Mo gbé e padà, ọkùnrin náà ní mo ti fi ẹ̀mú kàn án, òun ò gbà á mọ́. Kò sọ pé òun tà mí lọ́jà tí kò báramu. Kò tilẹ̀ wo èyí tó ṣẹ́ kù tí n ò fọwọ́ kàn.

Mo wá fi fóònù bá olùtajà kan l'Ékòó sọ̀rọ̀. Mo wọn irin àtijọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ka etí rẹ̀, mo wọn àlàfo tó wà láàárín wọn, mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú owó. Ó ní kò sí ìṣòro. Ó gbé e fún awakọ̀, mo lọ gbà á ní gáréèjì. Ìwọ̀n rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ti apá ọ̀tún ni gbogbo rẹ̀. Kò sí òsì kan níbẹ̀. Irin lúfà, méjì-méjì ni: ọ̀kan ní ọwọ́ tí wọ́n ń fà, èkejì ò ní, wọ́n sì kọjú sí ara wọn. Ẹni tó ń tà á lójoojúmọ́ ò mọ èyí? Nígbà tí mo pè é, ó ní n ò sọ pé mo fẹ́ òsì. Ta ló ń ra ẹsẹ̀ bàtà kan? Ó ní kí n fi owó mìíràn ránṣẹ́ fún ti òsì, lẹ́yìn náà kò gbé fóònù mọ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, tapólì ni mo ta sí ojú fèrèsé yàrá màmá wa, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn ń gbá tapólì náà gbà-gbà-gbà lóru, wọn ò lè sùn, wọ́n kó lọ sí yàrá àlejò. Ẹ̀gbọ́n mi ń pè ní alẹ́ láti béèrè pé ṣé mo ti ṣetán tí oní-àlùmínọ́mù fi máa wá. Àwọn ẹbí mìíràn náà ń pè. N ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn dáadáa lásìkò yẹn.

Ibi tí mi ò fojú sí ni ojútùú ti wá. Ọmọ kan tó ń ti ọmọlanke kiri, tó ń ra irin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, ń kọjá lójúde wa. Orí ẹrù rẹ̀ ni mo ti rí irin lúfà, odindi, ọ̀tún àti òsì, tí wọ́n fi okùn dì pọ̀. Mo sáré jáde. Mo ní níbo ló ti rí i. Ó ní ilé kan tí wọ́n ń yí padà sí síláídìn ni, pé wọ́n pọ̀ ní ibi tí àwọn ń kó ẹrù sí, pé kílò ni àwọn fi ń tà á. Mo bá a lọ. Irin lúfà jókòó gègèrè níbẹ̀! Mo bi í pé ta ló ń kó wọn wá. Ó ní àwọn oní-àlùmínọ́mù ni, bí wọ́n bá ti parí iṣẹ́ báyìí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ń gbé e dé.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ "lọ́fẹ̀ẹ́" tó yé mi. Wọ́n á gba owó lọ́wọ́ yín torí pé irin yín ti di pàǹtí, wọ́n á gbé pàǹtí náà lọ, wọ́n á tún gbowó lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ àlùmínọ́mù, owó rẹ̀ ní kílò ju ti irin lásán lọ dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe síláídìn, bí ẹ bá ṣáà fẹ́ ṣe é, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé irin lúfà yín lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo gbé irin wa àtijọ́ kan dání lọ síbẹ̀, mo ń tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, etí sí etí, ihò síkúrù sí ihò síkúrù. Èyí tí kò bá mu, mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ náà yá mi ní mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀: èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì ò bá gbé, àlùmínọ́mù ni, kò ní dípẹtà bí irin, òun ni mo sì ṣà fún ìhà tí òjò ń gbá. Gbogbo ohun tí mo gbé délé lọ́jọ́ yẹn kò tó ìdajì iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi fún irin tó kán ní Òkè-Ajé. Ó sì wúwo lọ́wọ́ ju tuntun lọ.

Bàbá Kápẹ́ńtà ló bá mi kàn wọ́n mọ́ férémù. Iṣẹ́ wọn mọ́, ṣùgbọ́n ẹ dúró ti ẹni tó bá ń bá yín kàn án. Wọ́n dojú irin fèrèsé kan dé, òkè di ìsàlẹ̀, ọ̀tún di òsì, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ilé bó ṣe yẹ, kò sẹ́ni tó lè fura. Bí mo ṣe ṣí i sí agbedeméjì, mo rí i pé inú yàrá ni gíláàsì dagun sí. Mo bu omi dà á láti òde, orí bẹ́ẹ̀dì ló ń ṣàn lọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí i." Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ bínú, àfi ìgbà tí wọ́n rí omi.

Fún gíláàsì tó sán, ẹ má gbà kí wọ́n gé gíláàsì fèrèsé lásán fún yín, ó ti fẹ́lẹ́ jù, á máa mì nínú etí. Kí wọ́n fi òkúta lọ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì náà gígùn méjèèjì kó dán, torí ibẹ̀ lọwọ́ ń kàn. Férémù igi tó ti pẹ́ lè ti wọ́, nítorí náà ẹ wọn ìbú rẹ̀ lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Gíláàsì tó bá kúrú á yọ bọ́ lọ́jọ́ kan. Ahọ́n kékeré tó wà lẹ́nu etí ni kí ẹ tẹ̀ gbẹ̀yìn, kí olè má baà fa gíláàsì yọ láti òde, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, torí bó bá lọ tó bá bọ̀, á kán.

Bí mo bá tún máa ṣe é, ẹ̀ẹ̀rùn ni n óò bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́mọlanke ni n óò sì kọ́kọ́ gbà kí n tó dé ọ̀dọ̀ olùtajà kankan. Gbogbo owó tí mo ná, títí kan iṣẹ́ Bàbá Kápẹ́ńtà àti ọjà tí kò wúlò yẹn, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí oní-àlùmínọ́mù pè. Ẹ̀gbọ́n mi dé fún Iléyá, wọ́n ṣí fèrèsé pálọ̀ fúnra wọn, wọn ò sọ ohunkóhun nípa síláídìn mọ́.

Ti ilé ìdáná ló kù. Irin rẹ̀ kúrú ju ti àwọn yòókù lọ, n ò tíì rí irú rẹ̀ nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Mo ti fi ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tó ń ti ọmọlanke náà, mo sì ti sọ fún un pé bó bá rí i, kó pè mí kó tó gbé e sórí òṣùwọ̀n.